Ọkùnrin Tó Ti Sọ Irú Ẹni Tí Òun Jẹ́

Ní àdúgbò tí obìnrin alágbàfọ̀ kan ń gbé, kò sẹ́ni tó ń fi orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ pè é. Ẹlẹ́rìn-ín ni gbogbo ayé ń pè é. Láti kékeré ló ti máa ń rẹ́rìn-ín sí ohun gbogbo: wọ́n bú u, á rẹ́rìn-ín, ó já bọ́ lórí àga, á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kó tó rántí pé ó yẹ kóun sunkún. Nígbà tó dàgbà, tó ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ilé kan tó kọjú sí títì, ẹ̀rín yẹn náà ló ń fa oníbàárà. Bó o bá gbé ẹ̀wù tó ní àbàwọ́n wá, tí ojú ń tì ẹ́, á nà án sókè níbi iná, á wò ó wò ó, á ní, "Háà, ẹ̀wù yìí mà ti jẹun ju ẹni tó ni ín lọ!" Ìwọ náà á bú sẹ́rìn-ín, ìtìjú á sì fò lọ.

Ṣọ́ọ̀bù náà ò tóbi. Ẹ̀rọ ìfọṣọ wà lápá òsì, tábìlì ìlọṣọ wà lápá ọ̀tún, àwọn aṣọ tó ti gbẹ sì so rọ̀ sórí hángà láàárín wọn bí èrò tó tò sílé ìfowópamọ́. Òwú pélébé aláwọ̀ oríṣiríṣi ló máa ń gán sí abẹ́ ọrùn ẹ̀wù kọ̀ọ̀kan kó má bàa gbé ti lágbájá fún tàmẹ̀dò. Ìyá rẹ̀, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ alásè ilé ìwé, ń bá a gbé lókè ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ló máa ń bá a tún bọ́tìnnì tó bá já rán. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, agbẹ̀bí ni nílé ìwòsàn kan tí kò jìnnà. Bó bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́, ọ̀dọ̀ wọn ló máa ń yà sí kó tó lọ sílé ọkọ rẹ̀, á bọ́ bàtà, á na ẹsẹ̀ sórí àga, á sì máa wá ohun tó máa jẹ.

Ẹlẹ́rìn-ín ti lé lọ́gbọ̀n ọdún dáadáa, kò sì tíì lọ́kọ. Òun fúnra rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ dà á rò. Àwọn oníbàárà ló máa ń bá a rò ó.

Ibi tọ́rọ̀ dé nìyẹn tí ọkùnrin kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹ̀wù funfun wá. Olùkọ́ ni wọ́n ń pè é, torí pé ó ń kọ́ èèyàn ní ọkọ̀ wíwà. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n sí onísùúrù. Obìnrin kan wa ọkọ̀ rẹ̀ wọ inú kòtò lọ́sàn-án gangan, gbogbo èèyàn dúró kí wọ́n rí bó ṣe máa bínú. Ṣe ló jókòó jẹ́ẹ́, ó tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ó ní, "Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀." Ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n rárá. Ìtàn yẹn kárí àdúgbò, obìnrin tó gbọ́ ọ, tó sì ní ọkọ tó máa ń pariwo nílé, á mí kanlẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Olùkọ́ gbé ẹ̀wù mẹ́ta wá. Ẹlẹ́rìn-ín yẹ ọrùn wò, ó yẹ abíyá wò.

"Olùkọ́, àwọn ẹ̀wù yìí mọ́ o."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo fẹ́ wá."

Ẹ̀rín pa Ẹlẹ́rìn-ín débi tó fi di tábìlì mú. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ọkùnrin dáadáa ni, tàbí ká ní ó rí bẹ́ẹ̀. Bó bá ní òun ń bọ̀ láago márùn-ún, aago márùn-ún ni wàá rí i. Kì í mu ọtí, kì í wo obìnrin kiri. Á jókòó sórí bẹ́ǹṣì inú ṣọ́ọ̀bù, Ẹlẹ́rìn-ín á máa lọ aṣọ, wọn á sì máa tàkúrọ̀sọ. Ibẹ̀ ni wọ́n wà lọ́jọ́ tí Ẹlẹ́rìn-ín bi í léèrè nípa àwọn ẹbí rẹ̀.

"Mo ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan tẹ́lẹ̀," Olùkọ́ ní.

"Áà, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ìgbà wo ni wọ́n kú?"

"Wọn ò kú. Wọ́n ṣẹ̀ mí ni."

Ẹlẹ́rìn-ín bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ ò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo títì bí ẹni tó ń wo dígí ọkọ̀.

"Ṣó o rí i, èmi kì í bá èèyàn jà," ó ní. "Ariwo ò sí lára mi. Bí ẹnìkan bá ti ṣẹ̀ mí, ṣe ni mo máa ń pa á rẹ́. Bí ìgbà tí wọ́n fi dọ́sítà nu pátákó ìkọ̀wé. Kì í sì í dùn mí."

"Ẹ̀yin náà!" Ẹlẹ́rìn-ín ní, ó sì tún rẹ́rìn-ín. Ó gbé áyọ́ọ̀nù lọ sí apá ẹ̀wù kejì.

Ó ro ọ̀rọ̀ yẹn fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà bí ẹní ń ro àwàdà. Agbẹ̀bí ń jẹ búrẹ́dì lọ́wọ́. Ó dá a dúró lẹ́nu.

"Ó ní òun ní ẹ̀gbọ́n tẹ́lẹ̀?"

"Àwàdà ló ń ṣe."

"Ṣé òun náà rẹ́rìn-ín?"

Ẹlẹ́rìn-ín ronú díẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin náà ẹ ti pọ̀ jù. Gbogbo nǹkan lẹ máa ń tẹ̀ wò bí ikùn aboyún."

"Iṣẹ́ mi ni. Gbọ́, ohun téèyàn bá fẹnu ara rẹ̀ sọ nípa ara rẹ̀, láìjẹ́ pé wọ́n fipá mú un, èmi máa ń gbà á gbọ́. Obìnrin tó bá wọlé, tó ní, 'Nọ́ọ̀sì, mo máa ń pariwo o,' èmi kì í bá a jiyàn. Fèrèsé ni mo máa ń lọ tì."

Ẹlẹ́rìn-ín fi aṣọ ìnuwọ́ gbá a lórí, wọ́n sì mú ọ̀rọ̀ míì sọ.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni Olùkọ́ sọ ti àwọn obìnrin tó ti fẹ́ rí. Ẹ̀kọ́ ọkọ̀ ló ń kọ́ Ẹlẹ́rìn-ín lọ́wọ́, ní pápá gbalasa kan lẹ́yìn ilé iṣẹ́ bíríkì, lọ́jọ́ ìsinmi. Bó ṣe ń kọ́ ọ bó ṣe máa tẹ kílọ́ọ̀ṣì ló ń ka àwọn obìnrin náà sílẹ̀, pẹ̀lú ohùn kan náà. Àkọ́kọ́, orí ẹ̀ ò pé. Èkejì, òpùrọ́. Ẹ̀kẹta, aláìmoore paraku. "Kò sí èyí tó dáa nínú gbogbo wọn," ó ní. "Ìwọ nìkan lo yàtọ̀. Rọra, má fi ẹsẹ̀ sílẹ̀ lójijì."

Inú Ẹlẹ́rìn-ín móoru bí aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lábẹ́ áyọ́ọ̀nù. Òun nìkan! Kò wá sí i lọ́kàn láti béèrè ohun tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa wí bí wọ́n bá bi àwọn náà. Nígbà tó ronú kàn án lẹ́yìn náà, ohun tó sọ fún ara rẹ̀ ni pé èèyàn kì í mọ ẹni tó ń bọ̀ wá pàdé, pé Olùkọ́ kàn ṣe kòńgẹ́ àwọn tí kò dáa ni.

Lẹ́yìn náà ló wá di ọjọ́ tó pẹ́ dé ibi ẹ̀kọ́ ọkọ̀. Ìyàwó kan ló sáré gbé aṣọ ìgbéyàwó wá láàárọ̀, ọtí pupa ti dà sí i láyà, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀ pòròpòrò. Ta ló máa lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ padà? Ẹlẹ́rìn-ín tẹ Olùkọ́ láago, kò gbé e. Ó rẹ aṣọ náà, ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ ní rírọra, ó fi ìka pa àbàwọ́n náà títí tó fi lọ. Nígbà tó máa fi dé pápá, Olùkọ́ wà nínú ọkọ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí sítíárì, ojú rẹ̀ wà níwájú. Ẹlẹ́rìn-ín wọlé, ó ń ṣàlàyé, ó ń bẹ̀ ẹ́. Olùkọ́ tanná sí ọkọ̀, ó wà á dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó sì dúró títí Ẹlẹ́rìn-ín fi sọ̀ kalẹ̀. Kò sọ gbólóhùn kan.

Ó tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó tún gbúròó rẹ̀. Ó ń pè, kò gbé e. Ó lọ sílé rẹ̀, kò ṣílẹ̀kùn. Kò lè jẹun, ó sì jó ọrùn ẹ̀wù oníbàárà kan, ohun tí kò ṣe rí láti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Olùkọ́ wọlé wẹ́rẹ́, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì bí ẹni pé àná ló wá gbẹ̀yìn.

"Ẹ má bínú," Ẹlẹ́rìn-ín tún ní.

"Mo ti gbà. Ṣùgbọ́n kó o mọ̀ pé èmi kì í gbà á lẹ́ẹ̀mejì. Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ èèyàn o. Kó o má retí ẹ̀. Kò sí lára mi."

Ẹlẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀rín náà pẹ́ kó tó jáde, òun fúnra rẹ̀ sì gbọ́ ọ bíi pé ẹlòmíì ló rín in. Láti ọjọ́ yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ọ̀rọ̀ wò kó tó sọ ọ́. Bí fóònù rẹ̀ bá dún, àyà rẹ̀ á kọ́kọ́ já. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé bí ìfẹ́ àgbàlagbà ṣe rí nìyẹn, kì í ṣe ti ọmọdé tí wọ́n ń fi ń ṣeré.

Wọ́n mú oṣù tí wọ́n máa ṣègbéyàwó. Olùkọ́ wá kí ìyá rẹ̀, wọ́n se oúnjẹ fún un, wọ́n fi àwo tó dáa jù bù ú. Inú ìyá dùn, tàbí kí á sọ pé wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Àwọn oníbàárà ń kí Ẹlẹ́rìn-ín kú oríire. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ni kò sọ nǹkan kan, àmọ́ kì í jókòó pẹ́ mọ́ bó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí oṣù náà wọlé, ó lọ bá Olùkọ́ nílé lọ́sàn-án kan kí wọ́n jọ yan kọ́tìnì. Ilé tó mọ́ tónítóní ni, òkè àjà kejì, gbogbo bàtà ló kọjú sí ògiri. Lórí tẹlifíṣọ̀n, fọ́tò kan wà nínú férémù: Olùkọ́ nígbà tó ṣì wà lọ́dọ̀ọ́, ó dúró níwájú ọkọ̀ kan tó ń dán. Ẹlẹ́rìn-ín ti rí fọ́tò náà tẹ́lẹ̀, kò wò ó dáadáa. Lọ́jọ́ yẹn ló ṣàkíyèsí pé wọ́n ti fi àlùmọ́gàjí gé apá kan rẹ̀ sọnù, ó gún régé. Ọwọ́ kan wà lórí èjìká Olùkọ́, kò sì sí ẹni tó ni ín.

Ó fẹ́ béèrè, ni wọ́n bá kanlẹ̀kùn.

Olùkọ́ lọ ṣí i. Látibi tí Ẹlẹ́rìn-ín jókòó sí, ó rí ọkùnrin àgbàlagbà kan tó gbé ọsàn sínú ọ̀rá dání. Ó ti bọ́ fìlà rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

"Àbúrò mi," ọkùnrin náà ní. "Mo gbọ́ pé o fẹ́ gbéyàwó. Mo ní kí n wá..."

"Ẹ ti ṣi ilé," Olùkọ́ dáhùn, ó sì ti ilẹ̀kùn. Kò fipá tì í o, wẹ́rẹ́ ló tì í. Ó padà wá jókòó, ó mú èkìrí aṣọ méjì. "Èyí tó láwọ̀ ewé yìí á gba oòrùn dúró dáadáa, àbí kí lo rò?"

Ẹlẹ́rìn-ín ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ náà ò gbọ̀n.

"Ta nìyẹn?"

"Ẹnìkan tó ṣi ilé ni."

"Wọ́n pè yín ní àbúrò wọn. Etí yín kan náà ni."

"Mo ti sọ fún ẹ tipẹ́ pé mo ní ẹ̀gbọ́n tẹ́lẹ̀."

"Kí ni wọ́n ṣe?"

Olùkọ́ ṣàlàyé, kò fi pa mọ́. Lọ́jọ́ tó ṣí ilé ẹ̀kọ́ ọkọ̀ rẹ̀, gbogbo èèyàn wá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ṣoṣo ni kò wá. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n náà ló ń rọbí nílé ìwòsàn láti òru ọjọ́ náà.

"Ìyàwó wọn ń rọbí!" Ẹlẹ́rìn-ín ní.

"Kò sẹ́ni tí kì í ní ìdí."

"Tí èmi náà bá wá ní ìdí lọ́jọ́ kan ńkọ́?"

Olùkọ́ wò ó. Ojú rẹ̀ tutù, ó tiẹ̀ fẹ́ jọ ojú ìfẹ́. "Má ní i," ó ní.

Ẹlẹ́rìn-ín dìde, ó ní òun ń bọ̀. Àtẹ̀gùn ló fi sáré sọ̀ kalẹ̀. Ó bá ọkùnrin náà ní ẹnu géètì, ó ti dé fìlà rẹ̀ padà, ó ń wo ọ̀tún wo òsì bí ẹni tí kò mọ ibi tó kàn.

"Ẹ káàsán, sà," ó ní, ó kúnlẹ̀. "Èmi ni... èmi ni ẹni tó wà lókè."

Ojú ọkùnrin náà là. "Ìwọ ni ìyàwó! Ẹ kú oríire o. Gbà, gba ọsàn yìí. Ó dùn, èmi ni mo ṣà á." Kò sọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀ láìdáa. Ohun kan ṣoṣo tó fi kún un ni pé: "Jọ̀ọ́, máa sọ fún un kó máa mu omi dáadáa. Orí máa ń fọ́ ọ láti kékeré, bí kò bá momi tó." Lẹ́yìn náà ló sọdá títì, ó lọ.

Ẹlẹ́rìn-ín dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ọsàn lọ́wọ́. Ọkàn rẹ̀ ò dàrú. Ó yà á lẹ́nu bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wá ṣe kedere. Ọkùnrin yìí ò tan òun jẹ rárá. Gbogbo ohun tó jẹ́ ló ti sọ, níkọ̀ọ̀kan, ní ojúmọmọ, ohùn jẹ́jẹ́. Òun ló ń fi ẹ̀rín bò ó.

Ó gun òkè padà, ó mú báàgì rẹ̀.

"Olùkọ́, mi ò ní lè fẹ́ yín."

Olùkọ́ gbé èkìrí aṣọ náà sílẹ̀, ó tò wọ́n léra wọn. "Nítorí ẹni yẹn?"

"Nítorí mi ni. Ẹ̀rù yín ń bà mí, ó sì ti pẹ́ tó ti ń bà mí."

"Ṣé mo gbá ẹ rí? Ṣé mo pariwo mọ́ ẹ rí?"

"Rárá o."

"Mo sì ti sọ fún ẹ bí mo ṣe rí."

"Ẹ sọ fún mi, òótọ́ ni. Ẹ ṣeun," Ẹlẹ́rìn-ín ní, tọkàntọkàn ló sì fi sọ ọ́.

Olùkọ́ ṣí ilẹ̀kùn fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Kó tó dé àtẹ̀gùn, ó ti gbọ́ tí ilẹ̀kùn náà pa dé, wẹ́rẹ́.

Gbogbo ọ̀nà ilé, ìyá rẹ̀ ló ń rò. Báwo lòun ṣe máa sọ ọ́? Àwọn tó ti ń fi ìgbéyàwó yìí yangàn fún aládùúgbò! Ó bá wọn níwájú fèrèsé, wọ́n ń rán bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù kan. Ó gbé ọsàn kalẹ̀.

"Màámi, mi ò fẹ́ Olùkọ́ mọ́."

Ìyá fi eyín já òwú. Wọn ò tíì gbójú sókè. "Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú, mà."

Ìyá gún abẹ́rẹ́ mọ́ ara aṣọ, wọ́n mí kanlẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ bàtà tó ti ń há wọn lẹ́sẹ̀ láti àárọ̀. "Háà! Ọlọ́run mi, o ṣeun!"

Ẹnu ya Ẹlẹ́rìn-ín.

"Lọ́jọ́ tó wá kí mi," ìyá ní, "nígbà tó o lọ bu omi, ó ní, 'Màámi, ẹ ò ní gbọ́ pé mo pariwo mọ́ ọmọ yín láéláé. Lọ́jọ́ tó bá ṣẹ̀ mí, màá kàn dákẹ́ ni. Ẹ ò sì ní gbọ́ ohùn mi mọ́.' Ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. Ṣe ni gbogbo ara mi tutù. Mi ò tíì sun oorun gidi látọjọ́ náà."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"Ṣé ìwọ kọ́ lò ń rẹ́rìn-ín káàkiri ilé ni? Mo rò pé inú ẹ dùn. Mo ní, bóyá ojora àgbà ló ń ṣe mí."

"Ẹ̀yin ni mo rò pé inú yín dùn! Àwo tó dáa jù lẹ fi bu oúnjẹ fún un!"

"Ẹ̀rù ló bà mí tí mo fi gbé àwo yẹn jáde!"

Wọ́n wo ara wọn. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti inú ìyá, ó ran ọmọ, wọ́n sì rín in títí tí bọ́tìnnì fi dà nù lórí itan ìyá, tí wọ́n yí gbirigbiri sábẹ́ àga. Ibi tí wọ́n ti ń ṣà wọ́n nílẹ̀ ni agbẹ̀bí wọlé bá wọn. Nígbà tó gbọ́, kò sọ pé "mo wí bẹ́ẹ̀." Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ sórí àga, ó ní, "Èmi tí Olùkọ́ ti sọ fún pé bí ẹ bá ṣègbéyàwó, kí n máa kọ́kọ́ tẹ òun láago kí n tó wá kí ẹ! Èmi! Sílé àbúrò mi!" Ó nawọ́ mú ọsàn. "Ta ló ra èyí? Ó mà dùn o."

Ẹlẹ́rìn-ín sọ fún wọn nípa ọkùnrin tó ṣà á. Àánú rẹ̀ ṣe wọ́n.

Ẹ̀wù Olùkọ́ kan ṣì kù ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹlẹ́rìn-ín lọ̀ ọ́ bó ṣe yẹ kó lọ̀ ọ́, ó fi sítáàṣì sí ọrùn rẹ̀, ó sì fi rán oníbàárà kan tó ń gbé ní òpópó ibẹ̀. Lẹ́yìn náà, òun àti Olùkọ́ pàdé níwájú ilé ìtajà oògùn. Ojú Olùkọ́ gba ara Ẹlẹ́rìn-ín kọjá bí ẹni tó ń wo gbangba, kò dúró, kò yí ojú padà. Ó kọ́kọ́ dun Ẹlẹ́rìn-ín, torí kò sẹ́ni tí kì í dùn kí wọ́n pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n kó tó dé ìkòríta, ó ti rí i pé èjìká òun rọ̀, pé kò sí àlàyé kankan tí òun ń tò sílẹ̀ lọ́kàn. Ebi ń pa á. Ó yà, ó ra búrẹ́dì gbígbóná, ó sì ti jẹ ìdajì rẹ̀ kó tó délé.